Ó ti rúwé o, àmọ́ ṣé ó ti ta gbòǹgbò?

Látìgbà tí mo ti sọ níbí pé èèyàn lè fi ẹ̀ka tó gé lára igi ṣe odindi ọgbà yí ilé ká láì ra igi kan ṣoṣo ni ìbéèrè yín ti ń ya wọlé. Mo ka gbogbo ẹ̀, ẹ ṣeun gan-an ni. Mi ò lè dáhùn ẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan, mo kàn ṣa àwọn tí èèyàn púpọ̀ béèrè, èyí tó kù á tẹ̀ lé e.

ÌBÉÈRÈ: Màmá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé wa ni, owó fẹ́ǹsì ò sì sí nílẹ̀, ìyàwó mi wá ní ká gbin òdòdó yí i ká. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí títì tó mítà 20. Igi mélòó la máa nílò, báwo la ṣe máa gé e, ìgbà wo ló sì dáa jù? (Baálé ilé tuntun)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire ilé tuntun o, ilé á tura. Ìyàwó yín mọ nǹkan tó ń sọ, ẹ gbọ́ tiẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ ná. Tí ẹ bá fi sẹ̀ǹtímítà 30 sáàárín igi kan sí ìkejì, mítà 20 yẹn á gba bíi igi 67. Tí ẹ bá fẹ́ kó dí pinpin, kí ajá pàápàá má ríbi gbà kọjá, ẹ gbìn ín ní ìlà méjì, kí igi ìlà ẹ̀yìn bọ́ sí àlàfo igi ìlà iwájú, ẹ lè wá fi sẹ̀ǹtímítà 45 sáàárín wọn, ìlà kọ̀ọ̀kan á gba bíi 45, gbogbo ẹ̀ á jẹ́ 90. Ṣùgbọ́n ẹ má gé iye tí ẹ fẹ́ gbìn gẹ́lẹ́ o. Tó bá jẹ́ 67 lẹ fẹ́, ẹ gé 100, torí gbogbo ẹ̀ kọ́ ló máa yè, àwọn tó bá sì ṣẹ́kù, ẹ tọ́jú wọn sínú náílọ́ọ̀nù tàbí ike, wọ́n máa wúlò. Tí igi kan bá kú láàárín ọgbà lẹ́yìn ọdún kan, tí ẹ wá lọ gbin èyí tó kéré síbẹ̀, àwọn tó wà lọ́tùn-ún lósì á ṣíji bò ó, á máa ràrá, àlàfo yẹn ò ní dí bọ̀rọ̀. Èyí tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà ló yẹ kẹ́ ẹ fi dí i.

Níbo lẹ ti máa rí ẹ̀ka? Ẹ wo ọgbà ẹlòmíì tó wù yín, ẹ lọ kí onílé, ẹ ní lọ́jọ́ tó bá fẹ́ gé e kó jọ̀ọ́ pè yín. Ohun tó fẹ́ kó dànù lẹ fẹ́ gbà, èèyàn kì í sábà kọ̀. Kìkì pé kẹ́ ẹ má mú gbogbo ẹ̀ lára igi kan ṣoṣo, ẹ mú un lára méjì mẹ́ta, torí ẹ̀ka tí a gé gbìn kì í ṣe ọmọ igi yẹn, igi yẹn gan-an náà ni, àìsàn tó bá lè pa ìyá ló máa pa gbogbo wọn. Tí ewé ìyá bá sì ti ń ká kò, tàbí tó ní àwọ̀ tótòtó tí kì í ṣe tiẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, ẹ ò ní fẹ́ gbé àìsàn wọlé.

Ẹ̀ka tó dáa kì í ṣe èyí tó ṣì rọ̀ tó tutù yọ̀yọ̀ lókè, kì í sì í ṣe ògbólógbòó ìsàlẹ̀. Èyí tó wà láàárín ni, tó nípọn tó pẹ́ńsùlù, tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ á tẹ̀ díẹ̀ kó tó fẹ́ kán, tẹ́ ẹ bá sì fi èékánná ha èèpo ẹ̀ ẹ máa rí àwọ̀ ewé lábẹ́ ẹ̀. Òdòdó ò gbọdọ̀ wà lórí ẹ̀, tó bá wà ẹ já a dànù, torí òdòdó á jẹ oúnjẹ tó yẹ kó lọ sí gbòǹgbò. Àárọ̀ kùtù kẹ́ ẹ gé e, ìgbà yẹn ni omi kún inú ẹ̀ka jù, kẹ́ ẹ sì fi aṣọ tútù wé e lójú ẹsẹ̀, ẹ má kó o sí ẹ̀yìn ọkọ̀ kí oòrùn máa pa á bọ̀ wálé.

Ẹ wá gé e ní bíi sẹ̀ǹtímítà 20, kó ní oríkèé (ibi tí ewé ti ń yọ) mẹ́ta sí mẹ́rin ó kéré tán, ọ̀bẹ tàbí sísọ́ọ̀sì tó mú tó sì mọ́ ni kẹ́ ẹ lò, èyí tó kújú á fọ́ ẹnu igi, ibẹ̀ ló ti máa jẹrà. Ìsàlẹ̀, ẹ gé e tààrà lábẹ́ oríkèé gan-an. Òkè, ẹ gé e kó dagẹ̀rẹ̀, sókè oríkèé díẹ̀. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ gé méjèèjì lọ́tọ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá ti já ewé dànù, tí 100 igi wà nílẹ̀, ẹ ò ní mọ orí yàtọ̀ sí ìdí mọ́, èyí tẹ́ ẹ bá sì dorí ẹ̀ kodò gbìn, tó bá tiẹ̀ yè, kò ní ṣe dáadáa. Nǹkan kan wà nínú igi tí wọ́n ń pè ní auxin, orí ẹ̀ka níbi tí ewé tuntun ti ń yọ ni igi ti ń ṣe é, ó máa ń rìn wá sí ìsàlẹ̀, tó bá dé ibi tí a ti gé e tí kò ríbi lọ mọ́ á kóra jọ síbẹ̀, òun ló ń pe gbòǹgbò jáde. Kò mọ̀ pé ẹ ti dorí igi kodò o, ọ̀nà tó ń gbà tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì máa gbà.

Ẹ já gbogbo ewé ìsàlẹ̀, ẹ fi méjì sílẹ̀ lókè, tí ewé ọ̀hún bá fẹ̀, ẹ gé e sí méjì, torí ẹ̀ka yẹn ò ní ẹnu tó fi ń mumi mọ́, ewé ò sì dẹ́kun láti máa lé omi jáde. Inú náílọ́ọ̀nù tàbí ike lẹ máa kọ́kọ́ gbìn ín sí: yanrìn ìlàjì, ilẹ̀ dúdú ìlàjì, ìyẹn tó. Ẹ fi igi lu ihò kẹ́ ẹ tó ki ẹ̀ka bọ̀ ọ́, ẹ má gún un wọlẹ̀ tipátipá kí èèpo ìdí ẹ̀ má bó, kí ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹ̀ wọlẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ dáadáa, kẹ́ ẹ bomi rin ín, kẹ́ ẹ gbé e síbòji.

Ìgbà tó dáa jù: níbi tí òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn wà, ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni, kí gbòǹgbò lè múlẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú òtútù, igi bíi privet àti willow, ìgbà òtútù lẹ máa gé e, tí igi ọ̀hún ń sùn, ẹ lè ki í bọ ilẹ̀ níta gbangba, tó bá di ìgbà tí ooru bẹ̀rẹ̀ á jí.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, inú mi bàjẹ́. Mo gé hibiscus 40, mo gbìn ín sínú náílọ́ọ̀nù. Kó tó pé ọjọ́ 10 ó ti rúwé, inú mi dùn débi pé mo ń pe àwọn èèyàn wá wò ó. Mo wá gbé e sínú oòrùn kó lè lágbára, mo fún un ní ajílẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin wọ́n ti ń rọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta péré ló kù. Wọ́n ní ọwọ́ mi ò yẹ igi. Ṣé lóòótọ́ ni? (Ọmọ yín tó fẹ́ràn òdòdó)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Kò sí nǹkan tó ṣe ọwọ́ ẹ, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ìyẹn sí ẹ lọ́kàn. Tìẹ ni mo fẹ́ dúró lé jù lónìí, torí nínú ìbéèrè tó wọlé, bíi pé gbogbo yín jọ gbìmọ̀ pọ̀ ni, ohun kan náà ló ń pa igi yín.

Ewé kọ́ ni gbòǹgbò. Nígbà tí wọ́n gé ẹ̀ka yẹn kúrò lára ìyá ẹ̀, oúnjẹ àti omi díẹ̀ ti wà nípamọ́ nínú igi ẹ̀, ojú tó wà lóríkèé á fi ìyẹn rúwé, bí ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé tó ń ná owó tó wà lápò ẹ̀. Ẹni tó bá rí i á rò pé nǹkan ti ń lọ dáadáa. Tí owó yẹn bá wá tán tí gbòǹgbò ò tíì jáde, ohun tó kù ò ju kó rọ. Bẹ́ẹ̀ oòrùn tó o gbé e sí ń fa omi jáde lára ewé tuntun yẹn, ajílẹ̀ tó o fi sí i náà kò rí gbòǹgbò tó máa mu ún, iyọ̀ inú ẹ̀ ló dúró sí ẹnu egbò igi tó ń fa omi kúrò níbẹ̀. Ìwọ rò pé ò ń ràn án lọ́wọ́ ni, mo sì mọ bó ṣe ń dunni.

Mo fẹ́ kó o mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ níbi tójú ò tó. Èmi máa ń fi ike omi tí wọ́n ti mu tán ṣe é, èyí tó mọ́ gaara, màá gé orí ẹ̀, màá lu ihò sí ìdí ẹ̀, màá kó yanrìn àti ilẹ̀ sí i, màá wá gbin ẹ̀ka sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ike, màá fi náílọ́ọ̀nù dúdú wé ìta ẹ̀ torí gbòǹgbò ò fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan màá tú náílọ́ọ̀nù yẹn wò, màá dá a padà. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò sí nǹkan kan. Tó bá yá ẹnu ibi tí wọ́n ti gé e á wú díẹ̀, á nípọn, á funfun bí ètè egbò tó fẹ́ jinná. Ìgbà yẹn gan-an ewé méjì mẹ́ta ti lè wà lókè o, tó tutù minimini. Lẹ́yìn ìyẹn ni wàá wá rí nǹkan funfun tíntìntín tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó wú yẹn, kò ju ẹyin èèrà lọ, méjì, mẹ́rin, ọjọ́ díẹ̀ sí i wọ́n ti gùn tó èékánná, wọ́n ń wá ọ̀nà lára ike. Ọjọ́ tó o bá rí ìyẹn ni kó o yọ̀.

Hibiscus lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ kí gbòǹgbò ẹ̀ tó lè dá dúró, bougainvillea lè tó oṣù mẹ́ta, kò sì túmọ̀ sí pé ó kú. Tí kì í bá ṣe ike tó mọ́ gaara lo lò, lẹ́yìn oṣù kan, fi ìka méjì mú ẹ̀ka yẹn, fà á sókè díẹ̀, díẹ̀ gan-an, bí ìgbà tí èèyàn ń dán òwú wò bóyá ó ti kó mọ́ aṣọ. Tó bá dì mọ́ ilẹ̀, ó ti ń ta gbòǹgbò. Tó bá fẹ́ tẹ̀ lé ẹ bọ̀, jọ̀ọ́ fi sílẹ̀, tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn padà. Má fà á yọ wò. Gbòǹgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde yẹn kì í le, tó o bá hú u lẹ́ẹ̀kan ó ti kán nìyẹn.

Àwọn 37 tó kú yẹn, kó o tó kó wọn dànù, hú wọn kó o wo ìdí wọn, wọ́n á sọ nǹkan tó pa wọ́n. Tí ìdí ẹ̀ bá dúdú, tó rọ̀, tó ń rùn, omi ti pọ̀ jù, ilẹ̀ yẹn ò sì jẹ́ kó jò. Tó bá gbẹ tó hunjọ, omi ò tó tàbí pé oòrùn ló pa á. Tó bá ṣì tutù tó ní ètè funfun yẹn, ó ku díẹ̀ kó yè ni, ìkánjú ló pa á. Mo lérò pé èyí tó kẹ́yìn yẹn lo máa rí jù.

Nígbà míì, tó o bá gbìn ín tán, fi náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara bò ó lórí, kí ọ̀rinrin má lọ, máa ṣí i díẹ̀ lójoojúmọ́ kí atẹ́gùn wọlé. Ilẹ̀ ẹ̀ kó tutù bí aṣọ tí wọ́n fún dáadáa, kó má rin gbindin. Ìgbà tí gbòǹgbò bá ti dúró lo tó máa yọ náílọ́ọ̀nù, tí wàá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sí oòrùn àárọ̀ wákàtí kan, ọjọ́ kejì wákàtí méjì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ajílẹ̀ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Mẹ́ta tó kù yẹn, gbé e padà síbòji kíá.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé dandan ni ká ra ìyẹ̀fun tí wọ́n ń fi sí ìdí ẹ̀ka kó tó ta gbòǹgbò? Ẹnì kan ní oyin náà ń ṣe é.

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe dandan. Nǹkan tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìyẹ̀fun yẹn ni IBA, irú auxin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan náà ni. Hibiscus, acalypha àti duranta ò nílò ẹ̀ rárá, àmọ́ bougainvillea àti ixora tó máa ń lọ́ra, á ràn wọ́n lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá rà á, ẹ bu díẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ má ki igi tútù bọ inú ike ẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbọn èyí tó bá pọ̀ jù dànù. Oyin ò ní auxin, ẹ jẹ́ kó wà níbi tó wà. Ohun tí ò náni ní kọ́bọ̀ rèé: ẹ fi ọ̀bẹ tó mú fá èèpo ẹ̀gbẹ́ kan ìdí ẹ̀ka fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bíi sẹ̀ǹtímítà méjì, ọ̀pọ̀ igi tó le máa ń ta gbòǹgbò dáadáa láti ojú egbò yẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta mà. Ewúrẹ́ ló ń dà mí láàmú. Mo fẹ́ gbin lápálápá yí ọgbà mi ká, ẹlòmíì ní agúnmániyè ló dáa, ẹnì kan tún ní ọ̀dán ló tètè ń hù. Èwo ni kí n ṣe? (Àgbẹ̀ ẹ̀yìnkùlé)

ÌDÁHÙN: Tó bá jẹ́ torí ewúrẹ́ ni, lápálápá. Ewúrẹ́ kì í fẹnu kan ewé ẹ̀ bọ̀rọ̀, àmọ́ agúnmániyè, á jẹ ẹ́ tán ni, ewé tí wọ́n dìídì ń gé fún ewúrẹ́ jẹ ni.

Lápálápá rọrùn, ẹ lè gé e gùn, kó tó mítà kan pàápàá, ẹ fi sílẹ̀ lábẹ́ ibòji fún ọjọ́ kan méjì kí oje ẹnu ẹ̀ gbẹ kẹ́ ẹ tó gbìn ín, tí oje ò bá gbẹ ó máa ń tètè jẹrà. Ohun méjì ni kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Àkọ́kọ́, èso ẹ̀ ní májèlé, ọmọdé tó bá jẹ ẹ́ á bì, á yàgbẹ́, ó lè léwu gan-an, torí náà tí ọmọ kékeré bá wà nílé ẹ máa gé òdòdó ẹ̀ kó tó so, tàbí kẹ́ ẹ wá igi míì. Èkejì, èyí tí a fi ẹ̀ka gbìn kì í ní olú gbòǹgbò tó lọ tààrà wọlẹ̀ bíi ti èyí tó hù láti inú èso, gbòǹgbò ẹ̀ máa ń fẹ̀ lọ lókè ni, ọdún àkọ́kọ́ tí ẹ̀ẹ̀rùn bá le ẹ gbọ́dọ̀ máa fún un lómi.

Tó bá jẹ́ òpó tẹ́ ẹ máa na wáyà mọ́ lẹ ń wá, àkòko àti ìyeyè dáa, ẹ̀ka ńlá tó nípọn tó ọwọ́ èèyàn á hù tẹ́ ẹ bá rì í mọ́lẹ̀ dáadáa, òpó tí ò ní jẹrà nìyẹn torí pé ó wà láàyè. Pèrègún náà kì í ṣorí kunkun, ó kàn jẹ́ pé kì í dí pinpin nísàlẹ̀, ààlà ló dáa fún ju kó dá ẹran dúró.

Ọ̀dán, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó jìnnà sílé. Òótọ́ ni pé ó tètè ń hù, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń gbìn ín, àmọ́ igi ńlá ni, gbòǹgbò ẹ̀ á wá omi dé ìdí ìpìlẹ̀, á wọ inú páìpù, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá máa rí i, ògiri á ti là. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ tún ṣọ́ra fún igi tí wọ́n ń pè ní oró, oje ẹ̀ lójú burú jáì, ẹni tó bá máa gé e kó wọ awò àti ìbọ̀wọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá wa, ọgbà mi ti ga ju èmi gan-an lọ, ọdún kejì rèé, àmọ́ òkè nìkan ló ní ewé, ìsàlẹ̀ hòòhò ni, adìyẹ ń gbabẹ̀ kọjá. Mo ti gbìn ín jìnnà síra ni àbí?

ÌDÁHÙN: Ẹ ò gbìn ín jìnnà, ẹ jẹ́ kó lọ sókè kẹ́ ẹ tó gé e ni. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ó máa ń ṣòro fún èèyàn láti gé igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yè, tó ti ń tọ́jú láti oṣù mẹ́ta, mo mọ̀, àánú ẹ̀ á ṣeni. Ṣùgbọ́n gbàrà tó bá ti ń dàgbà, tó ti ga tó sẹ̀ǹtímítà 20 sókè ilẹ̀ tó sì ti ń yọ ewé tuntun, ẹ gé orí ẹ̀. Auxin yẹn náà ló tún ń ṣiṣẹ́ níbí, bó ṣe ń ti orí ẹ̀ka wálẹ̀, kì í jẹ́ kí ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yọ ẹ̀ka. Ẹ gé orí kúrò, ojú méjì mẹ́ta ìsàlẹ̀ á jí lẹ́ẹ̀kan náà. Tí àwọn náà bá gùn tó 20, ẹ gé wọn padà sí ìlàjì. Bó ṣe ń dí láti ìdí nìyẹn.

Tiyín tó ti ga, ẹ má bọkàn jẹ́. Tó bá jẹ́ hibiscus, duranta, acalypha tàbí privet, igi tó ti gbó ṣì máa ń rúwé, nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, tàbí tí òtútù bá ń lọ fún ẹni tó wà nílùú òtútù, ẹ gé e lulẹ̀ sí bíi sẹ̀ǹtímítà 30. Tí àyà yín bá ń já, ẹ gé ìdajì ìlà lọ́dún yìí, ìdajì lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá jẹ́ cypress tàbí páìnì ló gbìn ò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ o, tẹ́ ẹ bá gé ìyẹn wọ inú igi gbígbẹ tí ò léwé mọ́, bẹ́ẹ̀ ló máa wà.

Nígbà tó bá tún ń hù, ẹ máa gé e kí ìdí fẹ̀ ju orí lọ, òkè ni gbogbo èèyàn máa ń jẹ́ kó fẹ̀, òun á sì wá dí ìsàlẹ̀ mọ́ oòrùn, ewé ìsàlẹ̀ á já. Ẹ̀ka tẹ́ ẹ gé lulẹ̀ yẹn náà, ẹ má dáná sun ún. Ẹ ṣa àwọn tó tó pẹ́ńsùlù nínú ẹ̀, ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 20 20, ẹ gbìn ín síbòji lọ́jọ́ yẹn náà, nígbà tí ọgbà bá fi máa rúwé padà, wọ́n á ti ta gbòǹgbò, ẹ ó rí nǹkan fi dí ibi tí adìyẹ ń gbà.